Cataract: Láti orí abẹ́rẹ́ alárìnkiri dé orí lẹ́ńsì oníke, ìgbà wo ló yẹ kí èèyàn ṣe iṣẹ́ abẹ ojú?

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, iṣẹ́ ológun gbé dókítà ojú kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Gold Coast, orílẹ̀-èdè tí a mọ̀ sí Ghana lónìí. Harold Ridley ni orúkọ rẹ̀.

Ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun ni wọ́n torí rẹ̀ rán an wá, àmọ́ ojú àwọn ará abúlé ló gbà á lọ́kàn.

Ridley rìnrìn àjò lọ sí Funsi, abúlé kan ní àríwá ilẹ̀ náà, níbi tí àìsàn tí eṣinṣin etí odò ń fà, èyí tí wọ́n ń pè ní river blindness, ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di afọ́jú. Ní ọdún 1945, ó tẹ ìwé jáde lórí ohun tó rí ní Gold Coast.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29, oṣù Kọkànlá, ọdún 1949, dókítà kan náà yìí fi lẹ́ńsì tí wọ́n fi ike ṣe sínú ojú obìnrin kan tí cataract ń bá jà. Ilé ìwòsàn St Thomas' ní London ló ti ṣe é.

Ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà ni iṣẹ́ abẹ cataract tí gbogbo ayé ń ṣe lónìí dúró lé.

Àmọ́ nígbà tí àwọn olùwádìí kárí Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007, tí wọ́n yẹ ojú àwọn èèyàn tó lé ní 13,000 wò, ohun mìíràn ni wọ́n bá pàdé. Nínú gbogbo ojú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ cataract sí, ó lé ní ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìbílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ilé ìwòsàn.

Báwo ni iṣẹ́ tó ti pé ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ṣe ń bá ti ìgbàlódé gbé inú ìlú kan náà? Ìgbà wo gan-an ló sì yẹ kí ẹni tí cataract ń yọ lẹ́nu lọ fún iṣẹ́ abẹ?

Kí ni cataract, kí sì ni kì í ṣe?

Lẹ́yìn ọmọlójú, ìyẹn ibi dúdú tó wà láàárín ẹyinjú, lẹ́ńsì kan wà níbẹ̀ tó mọ́ gaara bí omi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti darí ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìn ojú, kí ọpọlọ lè mọ ohun tí à ń wò.

Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń gòkè, lẹ́ńsì yìí a máa ṣú díẹ̀díẹ̀, bíi dígí ọkọ̀ tí ìkùukùu bò láàárọ̀ ọyẹ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní cataract nìyẹn.

Ọjọ́ ogbó ló sábà máa ń fà á, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan. Àtọ̀gbẹ lè mú kó tètè dé. Ẹni tí nǹkan bá bà lójú, tàbí ẹni tó ti pẹ́ lórí àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní steroid, lè ní i. Wọ́n sì máa ń bí i mọ́ àwọn ọmọ mìíràn.

Kì í dunni, kì í sì í mú kí ojú pọ́n. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ kì í fi tètè fura. Wọ́n á ní iná ilé kò mọ́lẹ̀ tó, tàbí pé àwọn tó ń tẹ Bíbélì àti Kùránì ti sọ lẹ́tà di kékeré.

Àwọn Hausa ń pè é ní "yanar ido". "Yana" ni ohun tó tà bo nǹkan bíi òwú aláǹtakùn. Ọ̀rọ̀ yìí náà ló wà nínú "yanar gizo", orúkọ tí wọ́n ń pe íńtánẹ́ẹ̀tì.

Orúkọ náà bá bí ó ṣe ń ṣe ẹni tó ní i mu, àmọ́ ó lè ṣi èèyàn lọ́nà. Kì í ṣe awọ kan ló wá bo ojú láti òde, tí wọ́n á kàn bó kúrò. Lẹ́ńsì inú ojú fúnra rẹ̀ ló ti ṣú. Torí náà, kò sí oògùn ìkánsójú kankan, ti ìbílẹ̀ tàbí ti òyìnbó, tó lè yọ́ ọ dànù.

Cataract yàtọ̀ sí glaucoma pẹ̀lú. Iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ ni glaucoma ń bà jẹ́, ohun tó bá sì ti bàjẹ́ níbẹ̀ kò ṣeé dá padà. Ní ti cataract, iṣẹ́ abẹ lè dá ìríran padà bí ẹ̀yìn ojú bá ṣì dára.

Ìyàtọ̀ yìí ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀ràn ńlá. Ìwádìí ọdún 2005 sí 2007 yẹn fojú bù ú pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó tó mílíọ̀nù kan ó lé díẹ̀, tí wọ́n ti pé ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni kò ríran mọ́. Cataract ló wà nídìí ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Èyí túmọ̀ sí pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń gbé nínú òkùnkùn tó ṣeé tú sílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì

Iṣẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ìbílẹ̀ ń ṣe yìí ni àwọn dókítà ń pè ní couching. Kì í ṣe Áfíríkà ló ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe Áfíríkà nìkan ni wọ́n ti ṣe é.

Ìwé ìṣègùn àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà tí wọ́n ń pè ní Sushruta Samhita ṣàlàyé rẹ̀. Celsus, ará Róòmù kan tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ikú Kristi, náà kọ nípa rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń ṣe kò ṣòro láti sọ. Oníṣẹ́ náà á ti abẹ́rẹ́ tàbí nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó bọ ẹ̀gbẹ́ ẹyinjú, á sì fi ti lẹ́ńsì tó ṣú náà kúrò lójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀, títí tí yóò fi já wọ ìsàlẹ̀ inú ojú. Àwọn mìíràn kì í gún ojú rárá, ohun tí kò mú ni wọ́n á fi tẹ ẹyinjú títí tí okùn tó so lẹ́ńsì ró á fi já.

Èyí fi hàn pé wọn kò yọ nǹkan kan jáde. Wọ́n kàn ti ìkùukùu náà sí igun kan ni.

Àwọn ará àtijọ́ gbà pé omi kan ló ń ṣàn wálẹ̀ wá di sínú ojú. Ohun tó jẹ́ kí àwọn Lárúbáwá pe àìsàn náà ní sísọ̀kalẹ̀ omi nìyẹn, òun náà ló sì fún cataract lórúkọ, torí ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ìtàkìtì omi ni.

Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Lárúbáwá kò jókòó sójú kan. Ní nǹkan bí ọdún 1000, Ammar ibn Ali al-Mawsili, ọmọ Mosul ní Ìráàkì tó ṣiṣẹ́ ní Íjíbítì, kọ ìwé lórí àìsàn ojú, ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lè fi abẹ́rẹ́ oníhò fa cataract jáde.

Ìmọ̀, ìwé àti ọjà jọ ń gba aginjù Sàhárà kọjá fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Lára àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó wà ní Timbuktu ni a ti rí ti ìṣègùn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú ọ̀nà yìí kan náà ni iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ojú gbà dé ilẹ̀ Mali, Niger, Burkina Faso àti àríwá Nàìjíríà, níbi tí ó ti di iṣẹ́ àjogúnbá tí bàbá ń kọ́ ọmọ.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn ṣì ń lọ bá wọn?

Ẹni tó bá rò pé àìmọ̀kan nìkan ló fà á kò tíì wo ọ̀rọ̀ náà délẹ̀.

Oníṣẹ́ ìbílẹ̀ náà ń gbọ́ èdè aláìsàn. Ẹnu ọ̀nà ilé ló máa ń wá bá a. Ẹbí kò ní wá owó ọkọ̀, kò sí pé ẹnìkan ní láti fi oko sílẹ̀ láti mú bàbá lọ sí ìlú ńlá, wọn kò sì ní fi fáìlì dání káàkiri.

Ohun tó tún wá ṣòro jù ni pé iṣẹ́ náà máa ń dà bí ẹni pé ó jẹ́. Bí lẹ́ńsì tó ṣú bá ti kúrò níwájú ọmọlójú, ìmọ́lẹ̀ á wọlé lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò rí nǹkan kan láàárọ̀ lè máa rí ìka ọwọ́ nírọ̀lẹ́. Ìdùnnú á ṣubú layọ̀, wọ́n á san owó, oníṣẹ́ á sì kọjá sí ìlú mìíràn.

Lẹ́yìn tó bá ti lọ ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọn kò sè lè gbé kòkòrò àìfojúrí wọ inú ojú. Lẹ́ńsì tó já sílẹ̀ lè mú kí ojú wú nínú, kí agbára omi inú rẹ̀ sì ga títí yóò fi ba iṣan ojú jẹ́. Awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lè ṣí kúrò.

Bí gbogbo èyí kò bá tilẹ̀ ṣẹlẹ̀, ojú tí kò ní lẹ́ńsì mọ́ kò lè ríran dáadáa láìsí awò ojú tó nípọn gan-an, èyí tí ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í rí gbà.

Nínú ìwádìí Nàìjíríà yẹn, nǹkan bí méje nínú ojú mẹ́wàá tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tì ni wọ́n kà sí èyí tó fọ́ nígbà tí àwọn dókítà yẹ̀ wọ́n wò. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lórí Mali ní ọdún 2000 náà parí ọ̀rọ̀ sí i pé iṣẹ́ ìbílẹ̀ yìí kò lè rọ́pò iṣẹ́ abẹ ilé ìwòsàn.

Yúróòpù náà ní àwọn alárìnkiri tirẹ̀

Kó tó di pé ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú Áfíríkà, ó yẹ kí ó rántí Johann Sebastian Bach, olórin ńlá ọmọ ilẹ̀ Jámánì.

Nígbà tí ojú Bach ń bàjẹ́ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni John Taylor, dókítà ojú ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń rìn kiri láti ìlú dé ìlú, dé Leipzig ní ọdún 1750. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Bach.

Bach kò ríran mọ́, ara rẹ̀ kò sì yá títí tó fi kú ní ọjọ́ 28, oṣù Keje, ọdún náà.

Àṣírí ibẹ̀ ni pé ọ̀nà mìíràn ti ń yọjú lásìkò yẹn. Ní ọdún 1747, Jacques Daviel, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Faransé, kò rí cataract aláìsàn kan tì sẹ́yìn bó ṣe fẹ́. Ó bá la iwájú ojú náà, ó sì yọ cataract ọ̀hún jáde pátápátá. Ní ọdún 1752, ó gbé ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ síwájú ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Paris.

Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ojú mọ́ńbé làwọn aláìsàn wà nígbà tí wọ́n ń la ojú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1884 ni Carl Koller ní Vienna ṣàwárí pé bí wọ́n bá kán kokéènì sójú, ojú kò ní mọ ìrora iṣẹ́ abẹ mọ́.

Nígbà tí aláìsàn ń sùn sáàárín àpò iyanrìn

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa bí ara ṣe ń yá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ cataract, ó yẹ ká mọ ibi tí a ti ń bọ̀.

Títí wọ àárín ọ̀rúndún ogún, ojú tí wọ́n là máa ń tóbi débi pé ẹnu egbò rẹ̀ lè ṣí bí aláìsàn bá kàn yí orí padà. Wọ́n á dì í lójú, wọ́n á fẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n á sì to àpò iyanrìn sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì kí ó má baà mira. Ọjọ́ gbọọrọ ló fi ń wà bẹ́ẹ̀.

Bó bá sì dìde, kò ní lẹ́ńsì mọ́ nínú ojú. Awò ojú tó nípọn bí ìdí ìgò ni yóò máa lò títí ayé. Nǹkan á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ lójú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kò sì ní hàn dáadáa.

Ridley rò pé èyí kò tó. Lẹ́yìn tó padà sí London, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan tó ń wò ó níbi iṣẹ́ béèrè ìdí tí kò fi fi lẹ́ńsì mìíràn rọ́pò èyí tó yọ. Ìbéèrè náà bá ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ mu.

Nígbà ogun, ó ti ṣàkíyèsí pé ike Perspex tí wọ́n fi ṣe ìbòrí ọkọ̀ òfurufú máa ń fọ́ wọ ojú àwọn awakọ̀ ogun, tí ojú wọn kò sì bá a jà. Ike irú rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi ṣe lẹ́ńsì.

Ó ṣe iṣẹ́ náà ní bòókẹ́lẹ́, ọdún 1951 ló tó sọ ọ́ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lára wọn bínú. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé iṣẹ́ dókítà ni láti yọ nǹkan àjèjì kúrò lójú, kì í ṣe láti fi í sí i. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ayé tó gbà pé òun ló jàre.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mìíràn mú kí egbò náà kéré sí i. Ní ọdún 1967, Charles Kelman ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìró tí etí kò lè gbọ́ fọ́ cataract sí wẹ́wẹ́, kó tó fà á jáde láti ojú ihò tóóró. Ẹ̀rọ tí dókítà eyín fi ń fọ eyín fún un ló là á lóye.

Bó ṣe di ohun tí tálákà lè rí ṣe

Ẹ̀rọ Kelman wọ́n. Ohun tó sún mọ́ Áfíríkà jù lọ wá láti Éṣíà.

Ní ọdún 1976, Govindappa Venkataswamy, dókítà kan tí àrùn oríkèéríkèé ti wọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀, dá ilé ìwòsàn Aravind sílẹ̀ ní Madurai, ní Íńdíà. Bẹ́ẹ̀dì 11 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Owó tí àwọn tó lówó ń san ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn tí kò ní.

Ní ọdún 1992, wọ́n dá ilé iṣẹ́ Aurolab sílẹ̀ láti máa ṣe lẹ́ńsì fúnra wọn, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀ sí dọ́là díẹ̀. Ní Nepal, dókítà Sanduk Ruit àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọ̀nà kan dàgbà tí wọ́n fi ń la ojú níwọ̀nba, tí kò nílò kí wọ́n rán an, tí kò sì nílò ẹ̀rọ olówó gọbọi.

Irú iṣẹ́ abẹ yìí ló gbilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lónìí.

Kì í ṣe pé àwọn ilé ìwòsàn kò sí. Ní Kano, àwọn ajíhìnrere dá ilé ìwòsàn ojú sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1940, èyí tó di ECWA Eye Hospital. Ní Bamako, IOTA ti ń kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ojú láti ọdún 1953. Ìjọba Nàìjíríà dá National Eye Centre sílẹ̀ ní Kaduna ní ọdún 1979.

Àmọ́ ìlú ńlá ni wọ́n wà. Ẹni tí kò ríran ló sì nílò láti rìnrìn àjò lọ síbẹ̀.

"Jẹ́ kó gbó ná": Ibo ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá?

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló gbà pé cataract gbọ́dọ̀ "gbó" tàbí "pọ́n" kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ sí i. Àwọn ọmọ wọn náà á ní kí màmá ṣì ní sùúrù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irọ́ nígbà kan. Nígbà tí irinṣẹ́ kò tíì dára, lẹ́ńsì tí kò tíì ṣú tán máa ń lẹ̀ mọ́ inú ojú, kò sì ṣeé yọ tán. Bákan náà, kò sí ẹni tó fẹ́ pàdánù ìwọ̀nba ìríran tó ní láti lọ gba awò onídìí ìgò. Torí náà, wọ́n á ní kí aláìsàn dúró dìgbà tí kò bá rí nǹkan mọ́.

Àwọn irinṣẹ́ ti yí padà, lẹ́ńsì oníke sì ti dé, àmọ́ ìmọ̀ràn àtijọ́ náà ṣì wà lẹ́nu àwọn èèyàn.

Lónìí, òdìkejì rẹ̀ ló sún mọ́ òótọ́. Cataract tó ti pẹ́ jù máa ń le bí òkúta, ó sì máa ń mú kí iṣẹ́ abẹ nira sí i. Ó lè wú kó dí ọ̀nà omi inú ojú, tàbí kó máa jò sínú ojú. Èyí lè mú glaucoma òjijì wá, pẹ̀lú ìrora tó le, ó sì lè fọ́ ojú náà pátápátá.

Ìgbà wo wá ló yẹ?

Bí kò bá sí ewu bẹ́ẹ̀, ohun tí cataract ń gbà lọ́wọ́ èèyàn ni àwọn dókítà máa ń wò jù, kì í ṣe àwọ̀ tó ní nìkan. Ẹ lè bi ara yín tàbí àgbàlagbà yín ní àwọn ìbéèrè yìí:

Ṣé ẹ ṣì ń dá ojú ẹni tó ń kí yín mọ̀ kó tó sọ̀rọ̀? Ṣé iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lálẹ́ máa ń fọ́ yín lójú débi pé ẹ kò rí títì mọ́? Ṣé ẹ lè ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, kí ẹ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, kí ẹ sì mọ owó 200 náírà yàtọ̀ sí 1,000? Ṣé ẹ ti ṣubú tàbí kọsẹ̀ láìpẹ́ yìí? Ṣé wọ́n pààrọ̀ awò ojú yín tí kò sì ran yín lọ́wọ́ mọ́?

Bí ìdáhùn bá fi hàn pé ìgbé ayé ti ń há, àsìkò ti tó láti bá dókítà ojú sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìkùukùu náà ṣì kéré, tí awò tuntun àti iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa ṣì tó, kò sí ohun tó ń lé yín.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé yàtọ̀. Bí wọ́n bá bí cataract mọ́ ọmọ, tàbí tí ohun funfun bá hàn nínú ọmọlójú rẹ̀, kò sí ìdí láti dúró rárá. Ọpọlọ ọmọ ń kọ́ bí a ṣe ń ríran ní àwọn oṣù àti ọdún àkọ́kọ́. Bí àsìkò yẹn bá kọjá, wọ́n lè yọ cataract náà kí ọmọ má sì ríran dáadáa láéláé.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ní láti kọ́kọ́ mú un wá sílẹ̀. Ojú kan ni wọ́n sábà máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì jẹ́ kí ó san kí wọ́n tó ṣe èkejì.

Kí ló yẹ kí ẹ retí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ?

Kò sí àpò iyanrìn mọ́. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í sùn nígbà iṣẹ́ abẹ náà, oògùn tí kò ní jẹ́ kí ojú mọ ìrora ni wọ́n máa ń gbà. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n sábà máa ń padà sílé, wọ́n á sì ṣí ojú náà lọ́jọ́ kejì.

Kò yẹ kí ẹ̀rù ba yín bí ìríran bá ṣì ṣe bàìbàì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tàbí bí ojú bá ń ta yín díẹ̀ bí ẹni pé iyanrìn wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé àwọ̀ aṣọ tàn ju bí àwọn ṣe rántí rẹ̀ lọ, torí lẹ́ńsì tó ṣú ti sọ ohun gbogbo di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ aláìsàn àti àwọn ará ilé rẹ̀. Wọ́n á máa kán oògùn tó ń dènà kòkòrò àti èyí tó ń mú kí ojú rọlẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí bí dókítà bá ṣe sọ. Ẹni tó fẹ́ kán an gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ra ojú náà. Ẹ fi ìbòrí bò ó bí ẹ bá fẹ́ sùn. Ẹ má ṣe gbé omi tàbí igi, ẹ má gún iyán, ẹ má sì lọ sí oko ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Eruku ọyẹ́ àti èéfín ààrò kò dára fún un, torí náà kí ẹlòmíràn bá màmá dáná.

Àwọn Mùsùlùmí máa ń béèrè nípa ìrun. Ẹ bi dókítà yín ìgbà tí ẹ lè tún fi orí kanlẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ lè kírun lórí àga, kí ẹ sì ṣe tayámámù dípò kí omi àlùwàlá kan ojú náà.

Ẹ padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, bí ojú bá ń dùn yín sí i, bó bá ń pọ́n sí i, bó bá ń ṣe ìpin, bí ìríran tó ti dára bá tún ń dínkù, tàbí bí ẹ bá ń rí ohun tó ń kọ mànà bíi mọ̀nàmọ́ná. Wákàtí díẹ̀ lè pinnu bóyá ojú náà á ṣeé gbà là.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n á yẹ̀ yín wò láti mọ̀ bóyá ẹ nílò awò ojú. Ọ̀pọ̀ ló ṣì máa ń nílò awò ìkàwé.

Bí ojú bá tún ń ṣú lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, kì í ṣe pé cataract padà wá. Àpò tó gbé lẹ́ńsì tuntun dúró ló ṣú, wọ́n sì lè fi iná lesa ṣí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí abẹ.

Ọ̀nà tó ṣẹ́ kù

Ní ọdún 2021, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fẹnu kò pé kó tó di ọdún 2030, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó nílò iṣẹ́ abẹ cataract, iye àwọn tó rí èyí tó yanjú gbà gbọ́dọ̀ fi èèyàn 30 lé sí i.

Kí èyí tó lè rí bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ilé ìwòsàn ní láti kọ́ ohun kan lára oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó ń bá du aláìsàn: ìyẹn láti wá bá èèyàn ní abúlé rẹ̀, kó gbọ́ èdè rẹ̀, kó sì dá owó lé iṣẹ́ náà kí ó má sí ìyàlẹ́nu lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan sì wà tí alárìnkiri kì í ṣe, tí ilé ìwòsàn lè ṣe: kó padà wá wo ojú náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Harold Ridley pẹ́ láyé. Ní àwọn ọdún 1990, cataract bo ojú òun náà, wọ́n sì fi lẹ́ńsì sí ojú rẹ̀ méjèèjì ní St Thomas', ilé ìwòsàn tí ó ti kọ́kọ́ ṣe é fún ẹlòmíràn. Ọba Obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè dá a lọ́lá ní ọdún 2000, ó sì kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lẹ́ni ọdún 94.

Ó fi ojú tó mọ́ gaara lo àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní irú àwọn abúlé tó bẹ̀ wò ní Gold Coast lọ́jọ́ ogun ṣì ń dúró de irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.